Nọ́ńbà Mẹ́rin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyà

Ojú Àwòdì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń wa jíìpù ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ sí àwọn abúlé orí òkè, lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ pàápàá máa ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Láti ìdí ọkọ̀, á ti rí òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí bọ́ sójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé bí Ojú Àwòdì bá ti ń wakọ̀, àwọn lè sùn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí pé ojú tó ń rí ọ̀nà jíjìn yìí kò rí nǹkan ìtòsí mọ́. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí ìwé ti di èèrà dúdú lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra jígí ojú fún un. Ó dúpẹ́, ó súre fún ọmọ títí ọmọ fi sunkún, ó sì ti jígí náà bọ àpò òsì ẹ̀wù rẹ̀, ibi tí kì í ti í jáde àfi bó bá ku òun nìkan nínú yàrá. Ta ló rí àwòdì tó wọ jígí rí?

Lọ́dún tí à ń wí yìí, táyà jíìpù náà ti dán bí orí apárí. Màtírọ́ọ̀nù, tí í ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn, pè é, ó ní kó lọ yan mẹ́rin tuntun.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà, Bàbá. Èyí tó bá dá yín lójú ni kẹ́ ẹ mú."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Táyà ló gbà lọ. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà kò ju yàrá kan lọ, pẹ̀lú páànù tó yọ síwájú bí fìlà tí wọ́n dé sójú. Òórùn rọ́bà ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ níbẹ̀ kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tó kíni. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ojú Àwòdì ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi ń pè é ní "ọkọ mi", tí òun náà sì ń pè é ní "ìyàwó". Nínú gbogbo awakọ̀ tó ń yà síbẹ̀, òun nìkan ni Ìyá Táyà ń pè bẹ́ẹ̀; "dírẹ́bà" ló ń pe àwọn yòókù.

Ojú Àwòdì lọ dúró ti táyà kan tí eyín rẹ̀ rí gàn-ùn gàn-ùn. Ó gbá a lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó, èyí ni mo fẹ́. Wo eyín! Kò sí ẹrẹ̀ tí èyí ò ní bù jẹ."

"Ẹrẹ̀ mélòó lẹ ní lójú ọ̀nà yín, ọkọ mi? Ṣebí láti ìsàlẹ̀ dé odò náà ni. Ìyókù ńkọ́?"

"Òkúta ni."

"Òkúta tó mú bí abẹ. Eléyìí dára lẹ́rẹ̀ lóòótọ́, á máa tu ẹrẹ̀ dànù kó má dí i lẹ́yín. Ṣùgbọ́n tó bá dé orí òkúta, eyín yẹn náà ni òkúta máa kọ́kọ́ ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún fẹ́lẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Ó yí òmíràn jáde. Eyín ti ìyẹn kò tóbi tó ti àkọ́kọ́, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ bo èjìká táyà náà. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dún kì.

"Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀gbẹ́ eléyìí. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi òkúta, kẹ́ ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, kó lè máa tẹ̀ mọ́ òkúta dípò kó máa bá a jà."

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní títú afẹ́fẹ́?"

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnu ló ń yún mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ojú Àwòdì gbà fún un, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ó wá ku kíkà. Kò sí táyà tó ń wọ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé ẹni tó fẹ́ lò ó ti ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Rọ́bà a máa gbó lórí ìjókòó. Táyà tí kò tíì fara kan ilẹ̀ rí lè ti gbẹ nínú, kí eyín rẹ̀ sì pé síbẹ̀. Ọkọ Ìyá Táyà ló fi òfin náà lélẹ̀. "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni," ni ó máa ń wí, á sì na ṣọ́ọ̀kì sí oníbàárà: "Kà á sí mi létí." Oníbàárà á fi ṣọ́ọ̀kì pa nọ́ńbà náà kó lè hàn, á kà á sókè, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kan, á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á tún un kà, kí ojú lè di mẹ́rin lórí rẹ̀.

Ìyá Táyà fúnra rẹ̀ ka ti àkọ́kọ́. "Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọdún tó kọjá. Ẹ bá mi ka mẹ́ta yòókù, ọkọ mi, kí n lọ gbé jáàkì."

Ojú Àwòdì lóṣòó. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹ̀gbẹ́ táyà kejì. Nǹkan funfun kan ló rí, tó ń gbọ̀n bí ìgbà tí omi bá ń hó. Ó sún orí sẹ́yìn, ó sún un síwájú, ó di ojú kan. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò òsì, ó kan jígí náà níbi tó sùn sí.

Àfi bí awakọ̀ tírélà kan, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró kí wọ́n bá òun lẹ táyà tó jò, ṣe pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Ojú Àwòdì rèé o! Wọ́n ní ẹ máa ń rí tata lórí òkè láti ìsàlẹ̀!"

Ìyá Táyà bú sẹ́rìn-ín láti ìdí jáàkì. Ọwọ́ Ojú Àwòdì padà wálẹ̀ lófo.

"Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọdún tó kọjá," ni ó kà. Ó sún sí ìkẹta. "Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọdún tó kọjá." Ó ṣe bí ẹni tó ń wo ìkẹrin fínnífínní, ó tiẹ̀ tún fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún. "Kan náà ni."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó dìde kó lọ wò wọ́n fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó dúró, ó mi orí. "Ojú Àwòdì ti kà á. Kí ni tèmi tó kù níbẹ̀?" Ó na ìwé àti báírò sí i. Ojú Àwòdì fọwọ́ síwèé. Ìlà tó fọwọ́ sí gan-an, ó fojú bù ú ni.

Ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kínní, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, táyà ń jẹ òkúta bí ẹni jẹ guguru. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní ọ̀sán, òun àti Nọ́ọ̀sì tó lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ti tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ó rọra ń lọ. Wọ́n dé ibi tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún tí ògiri òkè wà lósì. Táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún bẹ́ gbàù! Ìdí ọkọ̀ yọ̀ sápá ọ̀gbun. Ojú Àwòdì fi gbogbo agbára yí i mọ́ ògiri òkè, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ gbá òkúta, ó dúró. Apá Nọ́ọ̀sì ti kán. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàbá, ẹ ò ṣèṣe?"

Àwọn ará abúlé tó gbọ́ ariwo wá gbé Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ku Ojú Àwòdì nìkan pẹ̀lú ọkọ̀. Ó lọ síbi táyà tó ya. Inú rẹ̀ ti la káàkiri bí gìgísẹ̀ tó sán. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni kankan, ó yọ jígí jáde, ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ṣọ́ọ̀kì òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí nọ́ńbà náà, nínú ihò tí ẹrẹ̀ kò dé. Níbẹ̀ ni ojú ti tì í, kò tíì sí ẹni tó rí i. Ó yọ jígí, ó ti í padà sápò.

Ẹ ẹ̀ bá rò pé ó máa jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Màtírọ́ọ̀nù pe Ìyá Táyà sí ọ́fíìsì, táyà tó ya wà nílẹ̀ láàárín wọn, àwọn òṣìṣẹ́ kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé oníjìbìtì ni obìnrin náà, pé táyà tó ti gbó ló ń tà fún èèyàn. Ìyá Táyà ṣí ìwé rẹ̀. Màtírọ́ọ̀nù kà á, ó yíjú sí Ojú Àwòdì.

"Bàbá, ṣé ẹ ka nọ́ńbà yìí lọ́jọ́ náà?"

Èèyàn mẹ́jọ ló ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo kà á."

Ìyá Táyà wo táyà, ó wo ìwé, ó tún wo Ojú Àwòdì. Ó mí kanlẹ̀. "Tí Ojú Àwòdì bá ti ní òun kà á, ó kà á. A jẹ́ pé èmi ni. Àwọn tó gbó kan wà tí mo yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣèèṣì yí ọ̀kan mọ́ wọn lẹ́yìn tí ọkọ mi ti kà wọ́n tán." Ó kúnlẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì tí apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. "Ọmọ mi, dárí jì mí. Tìtorí mi lo fi kán lápá."

Ó wu Ojú Àwòdì kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà, sìmẹ́ǹtì ni, kò lanu fún un. Òun náà kò la tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá. Ó gbọ́ pé awakọ̀ tírélà ti ń lẹ táyà níbòmíràn. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, ó rí bẹ́ǹṣì lófìfo, ó yáa kánjú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ bí ọ̀nà ṣe ń gùn tó fún ẹni tó ń sá níwájú.

Ọjọ́ kẹjọ ni Ìyá Táyà fi ọmọlanke ti táyà tuntun mẹ́rin wá sí àgbàlá ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ dè wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn. Màtírọ́ọ̀nù jáde. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Obìnrin náà na ṣọ́ọ̀kì sí Ojú Àwòdì.

"Ọkọ mi, ẹ kà á sí mi létí. Ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi lónìí. Ojú tèmi ò dá mi lójú mọ́. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ó lóṣòó. Ó fi pa nọ́ńbà ti àkọ́kọ́, nǹkan funfun náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú rẹ̀. Irọ́ ti wà létè rẹ̀, ó ti ṣe tán láti jáde. "Ojú tèmi ò dá mi lójú mọ́": obìnrin tó lójú méjèèjì tó mọ́ gaara ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò òsì. Ó yọ jígí jáde níṣojú Màtírọ́ọ̀nù, níṣojú Nọ́ọ̀sì, níṣojú gbogbo ẹni tó ń pè é ní Ojú Àwòdì, ó sì fi í sójú.

"Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n, ọdún tó kọjá," ni ó kà. Ó ka ìkejì. Ó ka ìkẹta, ó ka ìkẹrin. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké. "Ìyàwó, o ò yí táyà kankan mọ́ wọn lẹ́yìn kíkà; èyí tó gbó ti wà níbẹ̀. Mi ò rí nọ́ńbà kankan lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó o kọ́kọ́ kà ni mo ń kà tẹ̀ lé ọ. Jígí yìí wà lápò mi, ojú ló ń tì mí láti wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì, mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀?" ni Nọ́ọ̀sì wí láti orí àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Mo ti mọ̀, ọmọ mi."

Ìyá Táyà kò bú u. Bó bá bú u ni, ì bá sàn fún un. Ó mú ìwé jáde, ó ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ náà, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú báírò. Ojú Àwòdì fa igi lé ohun tó wà níbẹ̀, ó kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà kúnlẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan, ó fi ojú ara rẹ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e sára ọkọ̀. Ó de gbogbo nọ́ọ̀tì le, ó tún padà dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó parí, ó fi àkísà nu ọwọ́.

"Ó ti tán, dírẹ́bà," ni ó wí.

Ojú Àwòdì dúró, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ti gbé jáàkì sórí ọmọlanke, ó ti yí ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà. Ojú Àwòdì yọ jígí, nítorí kò nílò rẹ̀ láti wo ibi jíjìn. Ó rí i kedere títí dé ibi igi tó wà ní orítà, ó rí eruku lórí bàtà obìnrin náà, ó sì rí i pé kò wẹ̀yìn.