Ìrù Málọmọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Rìnsọ́lá, ẹ sọ fún un pé kí ó fi ohun tí ojú rẹ̀ ti rí pamọ́. Titus, ọkọ rẹ̀, mọ èyí bí ẹni mowó. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ àfihàn ẹran ọ̀sìn ọdọọdún, lọ́dún 2009, ó fa ìrù kan yọ nínú àpò ọ̀rá.

Ìrù màlúù ni, àmọ́ kì í ṣe ara màlúù ló ti wá. Lọ́lá onídìrí ní Rockey Street, ní Yeoville ní Johannesburg, ló fi àtáṣímẹ́ǹtì dúdú dì í. Ó gùn, ó ń dán. Lọ́lá tún ti ẹnu irun náà bọ omi gbígbóná, bí wọ́n ti ń ṣe fún irun ìyàwó.

"Kí lèyí, Bàbá Tèmi?"

"Ìyá Tèmi, fara balẹ̀ ná. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ àwọn màlúù wò kí wọ́n tó gbà wọ́n sí ìdíje ló sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kò lòdì sófin, ó ní ọ̀pọ̀ wọn níbí ló ń so irun mọ́ ìrù ẹran wọn kó lè kún. Ó ní kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan."

Kí ẹ tó dá Titus lẹ́bi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Berea nílùú náà ni tọkọtaya ọmọ Yorùbá yìí ń gbé. Akáǹtáǹtì ni Titus ní Marshalltown. Rìnsọ́lá ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní màlúù kì í purọ́ nípa iṣẹ́ àmúrelé. Wọ́n háyà ilẹ̀ lọ́nà Walkerville, wọ́n ń sin màlúù tí wọ́n ń tà fún ẹran níbẹ̀, Málọmọ́ sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọmọ méjì ni ìyá rẹ̀ bí tí wọ́n kú kí ó tó bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì kiri Johannesburg, àwọn kan fo wáyà wọlé lóru. Wọn kò jí ẹran kankan. Ìrù Málọmọ́ ni wọ́n gé, wọ́n sì gbé e kọ́ ẹnu géètì. Ọ̀rọ̀ náà kò nílò ògbifọ̀.

Titus ní kí àwọn ta gbogbo ẹran. Rìnsọ́lá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi jinná. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo èèyàn ló ń fi òwe tù ú nínú pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Nígbà tó sú u, ó dá ọ̀kan nínú wọn, Màmá Àbísóyè, lóhùn: "Àmín, Mà. Àmọ́ látọjọ́ náà, èmi ni Olúwa ń rán níṣẹ́ eṣinṣin yẹn o." Màmá kò tún pa òwe náà fún un mọ́.

Ìrù àtáṣímẹ́ǹtì ló wá dé yìí.

"Ẹ fẹ́ kí n bá ẹni tó gé e bo àṣírí," ni Rìnsọ́lá wí. "Ìtìjú tiwa kọ́, tiẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ ká wọlé, ká jáde, ká délé láyọ̀ ni. Ṣé o mọ irú ẹni tó máa jókòó síbẹ̀? Eish, Rìnsọ́lá, mo bẹ̀ ọ́."

 Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe Rìnsọ́lá, ó jẹ́ kí ó so ìrù náà mọ́ Málọmọ́. Nígbà tó ń fa Málọmọ́ wọ ọgbà ìdíje, inú ń bí i sí ara rẹ̀ gan-an.

Màlúù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Málọmọ́ ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, itan rẹ̀ kún. Oòrùn mú, eṣinṣin sì dé. Kùkùté ìrù rẹ̀ ń jà sọ́tùn-ún, ó ń jà sósì, irun Lọ́lá kàn ń rọ̀ dirodiro ni. Ẹran yìí ń sa gbogbo ipá rẹ̀, ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Omi lé sójú Rìnsọ́lá, ìbínú ló fà á. Ó kọjá sẹ́yìn, ó já ìrù náà, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín bú láàrin èrò ìwòran. Adájọ́ ìdíje náà, bàbá àgbẹ̀ kan tó dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, rìn wá bá a.

"Kí ló ṣe ìrù rẹ̀?"

"Wọ́n gé e, sà. Lọ́dún tó kọjá, torí pé àwa àjèjì la ni ín."

Bàbá náà wo irun tó wà nílẹ̀. "Ẹ ì bá ti fi irun yẹn sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá béèrè."

"Mo fẹ́ kí wọ́n béèrè."

 Adájọ́ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn Málọmọ́, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjá sí èkejì. Nígbà tó parí, ipò kẹta ló fi í sí. Inú Rìnsọ́lá dùn dé gongo, nítorí àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nírù.

Wọ́n ṣí géètì pé kí wọ́n máa jáde. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti kígbe láti orí ìjókòó pé, "Ẹ mú ààbọ̀ màlúù yín, kí ẹ padà síbi tí ẹ ti wá!" Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín.

Rìnsọ́lá fojú wá Titus níbi ọgbà onírin. Ó rò pé yóò ti sá pamọ́. Láti ọdún tó kọjá, Titus kì í gbóhùn sókè láàrin èrò mọ́, kódà ńṣe ló máa ń rọra sọ ibi tó ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé àjèjì ni. Ṣùgbọ́n ó ti gun orí irin náà, tòun ti táì lọ́rùn.

"Ìyá Tèmi!" Yorùbá ló fi pariwo, gbogbo ọgbà sì gbọ́ ọ. "Má tíì jáde! Yí i padà! Kọ ìdí ẹ̀ sí wọn, kí wọ́n wò ó yó!"

Ọkùnrin tó di géètì mú ń juwọ́ pé kí ó yára. Rìnsọ́lá kọ ẹ̀yìn sí i. Ó mú Málọmọ́ lọ síwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó yí ìdí rẹ̀ sí wọn, ó sì dúró.