Rárá Mẹ́tàlá

Ìbéèrè mẹ́tàlá ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun, bàbá kan sì kọ "Rárá" sí gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ kà wọ́n. Ṣé ọkàn ń yọ ọ́ lẹ́nu? Rárá. Ṣé o ń lo oògùn èémí? Rárá. Ó buwọ́ lùwé, ó fi pẹ́ńù lélẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí afinimọ̀nà abẹ́ omi tó jókòó níwájú rẹ̀. Kí ló ṣe tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni.

Afinimọ̀nà mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fọṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ba ike oògùn kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò bàbá, irú èyí tí àwọn tí èémí ń há máa ń fà sẹ́nu. Ó yọ ọ́, ó fi sínú dúrọ́ọ̀ bàbá, ó panu mọ́. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣe wẹ́dà, èéfín irin tó ti fà símú kì í ṣe kékeré.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, kò sì sọ ọ́. Ẹ gbà mí, báwo lèèyàn ṣe ń wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀ kó ní irọ́ lẹ pa? Ó ní òun á sọ ọ́ tí wọ́n bá dé etí omi. Wọ́n dé etí omi, ó ní ó di inú ọkọ̀. Bí ìtìjú ṣe ń tan èèyàn jẹ nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, ara bàbá yá gágá. "Àádọ́rin ọdún ni mo fi ń wo òkè omi," ó ń sọ fún tọkọtaya tí wọ́n jọ wá, "ẹ jẹ́ n lọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ wàyí!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan afinimọ̀nà kejì tí wọ́n ń pè ní Ẹja. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló di jákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lára, tó ṣí àgbá atẹ́gùn, tó wo aago tó ń fi iye atẹ́gùn inú rẹ̀ hàn. Gbogbo irinṣẹ́ pé, wọ́n dára. Bàbá wá gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta péré lọ sí etí ọkọ̀, àyà rẹ̀ sì ń súfèé.

"Bàbá, ẹ ò ní wọ omi lónìí."

"Ìyàwó mi, ṣé o ń bá mi ṣeré ni?"

"Mi ò ṣeré, sà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ dákun, tá a bá padà, a máa sọ ọ́."

"Ká sọ kí ni? Mo ti buwọ́ lùwé. Èmi ni mo ni ara mi. Tí n bá kú, wọn ò ní mú ẹ."

"Ìwé yẹn lè gbà mí lọ́wọ́ adájọ́, Bàbá. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ omi."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. "Ẹja, ìwọ máa mú mi lọ."

Ẹja dìde. Ṣé a lè dá a lẹ́bi? Rárá mẹ́tàlá ló kà nínú fọ́ọ̀mù.

Afinimọ̀nà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Tí atẹ́gùn bá há sínú ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀ omi, yóò máa fẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gòkè bọ̀, tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, ẹ̀dọ̀fóró á ya. Ó pariwo.

"Ẹja, má mú wọn! Èémí ń há wọn! Wọ́n ń lo oògùn, mo rí i!"

Atukọ̀ yíjú sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń nu ibi tí kò dọ̀tí. Bàbá tú jákẹ́ẹ̀tì, ó lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ẹja mú tọkọtaya náà wọ omi, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì dúró ti bàbá. Ó ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nílé: ìyàwó tó tú àṣírí bàbá ọkọ rẹ̀ síta.

Nígbà tí wọ́n padà, ó wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣan irinṣẹ́ nígbà tí bàbá wọlé.

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, sà. Nígbà tí mò ń fọṣọ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! O sì jẹ́ kí n dé inú ọkọ̀ kí o tó dójú tì mí?"

Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Ẹ forí jì mí, sà. Ojú ló ń tì mí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀bi mi, Bàbá."

Bàbá fa bẹ́ńṣì kan, ó jókòó, gbogbo àpárá ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá ọkọ ẹ ò mọ̀. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí dókítà ti fún mi ní oògùn náà. Bá mi sọ fún un."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, sà. Màá jókòó tì yín."

Bàbá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá iná ti dé, ó bèèrè ta ló wà nílé, kó tó sọ ọ́: dókítà, oògùn, fọ́ọ̀mù, ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí nínú fóònù. "Ṣé ẹ rò pé mi ò kì í gbọ́ àyà yín tẹ́ ẹ bá sùn ni?"

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n wá síbí?"

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ tèmi ni? Ọ̀dọ̀ ìyàwó wa lẹ ń lọ, ọkàn mi balẹ̀. Mo rí i tó ń yọ oògùn yín lápò nígbà tá a jọ ń fọṣọ, mo sì mọ̀ pé kò ní gbà kẹ́ ẹ wọ omi láéláé."

Afinimọ̀nà sún mọ́ fóònù.

"Màmá," ó ní, "ó ku díẹ̀ kí n gbà fún wọn."