Ẹran Iléyá Tí Sùúrù Jẹ

Ajá mi, Sùúrù, ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Igbó-Elérin, itọ́ funfun ń ho lẹ́nu rẹ̀. Ó bì, ó tún bì. Ẹ̀rù bà mí. Àtìgbà tí ọkọ mi, bàbá Dára, ti kú, tí Dára náà ò sì gbé lọ́dọ̀ mi mọ́, èmi àti ajá yìí nìkan la kù nínú ilé.

Mo wo abọ́ rẹ̀. Ẹran wà níbẹ̀. Mo mọ ẹran náà: ẹran Iléyá tí Zulaikha, aládùúgbò mi, fi iyọ̀ ra lára, tó sá sóòrùn lórí páànù kó má bàa bàjẹ́.

"Yéè! Wọ́n ti fún ajá mi ní májèlé jẹ o!"

Ẹni tó bá jẹ májèlé, epo pupa là ń rọ sí i lẹ́nu, a kì í jẹ́ kó fẹnu kan omi. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo fipá la ẹnu Sùúrù, mo da epo sí i. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, mo gbé e kúrò. Ó tún wọ́ tẹ̀ lé e. Mo fi ọmọrí dé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà pa.

Zulaikha sáré jáde. "Ìyá Dára, kí ló dé?"

"Apani! Kí lajá mi ṣe fún ẹ?"

"Háà! Ẹran ni mo bù fún un o! Mo ní kóun náà bá wa ṣe Iléyá ni."

"Irọ́ lo pa! Ìgbà wo lo fẹ́ràn ajá?"

Ó mú ẹran tó kù nínú abọ́, ó jù ú sẹ́nu lójú gbogbo àdúgbò. Mo pariwo pé kó tu ú dà nù.

"Bí májèlé bá wà níbẹ̀, kó pa èmi náà!" Lójijì ló fajú ro, ó sì tu ú sílẹ̀. "Iyọ̀! Iyọ̀ ni, Ìyá Dára! Mi ò rántí fomi ṣàn án kí n tó fún un."

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Iyana-Iba. Mò ń pe Jésù, Zulaikha ń ṣàdúà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Sùúrù ò tiẹ̀ gbórí sókè mọ́. Dókítà Adéníran gbọ́ àlàyé wa, ó yẹ ajá náà wò, ó mirí.

"Mà, iyọ̀ tó wà lára ẹran yẹn ju agbára ajá lọ. Ẹran oníyọ̀, kílíṣí, sọ́séèjì, kò sí èyí tó dáa fún un nínú wọn. Òùngbẹ iyọ̀ yẹn ń gbẹ ẹ́ gan-an, omi ló sì yẹ kó ti mu. Ta ni ò jẹ́ kó mu ún?"

Zulaikha wolẹ̀. Kò tú mi fó.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo gbé omi kúrò níwájú ẹ̀."

"Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ báyìí. Bó bá mu ún, ó lè yè é. Bó bá kọ̀ ọ́..." Ó gbé ife omi lé mi lọ́wọ́.

Mo bu omi sátẹ́lẹwọ́. "Sùúrù, ọkọ mi, jọ̀ọ́, mu."

Ó gbóòórùn epo lọ́wọ́ mi, ó sì di ẹnu pa. Ó ń fà sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí rí. Èmi gan-an ló ń bẹ̀rù.

Omijé bọ́ lójú mi. Mo na ife omi sí obìnrin tí mo pè ní apani.

"Zulaikha, dákun, bá mi fún un."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bu omi sọ́wọ́. Sùúrù wò mí, ó wò ó, ó wá gbé ẹnu lé ọwọ́ Zulaikha, ó ń lá omi.