Ẹ̀wà Inú Ọbẹ̀ Aune

Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fẹ́ relé ní etí adágún kan ní ìhà àríwá ayé. Yóò jókòó ti àwọn ènìyàn bí àlejò tí kò mọ̀gbà, títí wọn yóò fi gbàgbé pé òkùnkùn wà láyé. Abẹ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ni Oiva sùn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí àga gbọọrọ iwájú ilé ìwẹ̀ olóoru rẹ̀, ó fi fìlà bo ojú, ó na ẹsẹ̀ sórí koríko. Ó sì tún lá àlá tó ti ń lá léraléra.

Aune ìyàwó rẹ̀ ló rí. Aune ń rìn lọ láàárín àwọn ẹ̀wà tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, ó ń fi ọwọ́ kan ewé wọn jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wo orí àwọn ọmọ tó ti sùn. Ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. Oiva pè é, kò dáhùn. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun ebè tó wà létí omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan lábẹ́ ewé, kò sì rí i. Ẹyẹ kan ké lórí adágún, ọkùnrin náà lajú. Atẹ́gùn kò fẹ́, síbẹ̀ ewé ẹ̀wà ń mì.

“Ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù tó máa ń sè lọ́dọọdún ló ń wá,” Oiva wí fún ara rẹ̀. “Àkókò rẹ̀ ti tó.”

Ìgbà yìnyín ni Aune ti kú. Wọn kò bímọ. Igi gígé nínú igbó ni Oiva fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, kò sì mọ ọgbà yàtọ̀ sí pé kó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ó rí ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo kọfí kan lórí pẹpẹ. Ó dá a mọ̀. Ìyá Aune ló dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ nígbà ogun, nígbà tí wọ́n sá kúrò ní abúlé wọn, abúlé tó ti bọ́ sí òdìkejì ààlà títí dòní. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín láti ìgbà náà. Òdòdó ẹ̀wà tí wọ́n ń tà ní ìlú a máa funfun, ti Aune ní tirẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Oiva da gbogbo rẹ̀ sínú ilẹ̀, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ọjọ́ tó hù, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn náà sunkún. Nínú gbogbo ohun tí Aune fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́, òun nìkan ló ṣì wà láàyè. Bí ẹ̀wà náà bá parun pẹ́nrẹ́n, lójú Oiva, Aune tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Impi ni, ọ̀rẹ́ Aune láti kékeré, opó tó ń gbé ní òdìkejì adágún, tí ẹnu rẹ̀ mú ju àáké Oiva lọ. Ní àgbègbè yẹn, ta ni kò jí ẹ̀wà nínú ọgbà aládùúgbò rẹ̀ rí nígbà èwe? Eré ni, ẹnikẹ́ni kì í tìtorí rẹ̀ bínú, dídàgbà ló sì máa ń gba eré náà lọ́wọ́ ènìyàn. Impi kọ̀, kò fi sílẹ̀. Ọdọọdún ló ń wa ọkọ̀ wá, tí yóò máa rákò láàárín ewé, tí ìdí rẹ̀ yóò sì yọ sókè gbàǹgbà. Aune yóò dúró lójú fèrèsé, yóò máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìnuwọ́. Oiva kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

“Arúgbó olè,” ló máa ń wí.

Lọ́dún yìí, ó pinnu pé Impi kò ní rí nǹkan jí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó wọ inú ọgbà, ó já gbogbo ẹ̀wà náà, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré. Kí ó lè dá a lójú pé kò sí èyí tó fara pa mọ́, ó fa igi wọn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń dá gbé?

Lẹ́yìn náà ló wa pòtétò, àwọn kéékèèké tí àtàńpàkò lásán ń bó. Ó fa kárọ́ọ̀tì tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ó já àlùbọ́sà eléwé. Ó sè wọ́n nínú omi oníyọ̀ díẹ̀, ó kó ẹ̀wà lé e, ó fi bọ́tà sí i. Nígbà tó kan wàrà, ó rọra dà á, ó ń rántí ohùn Aune: “Kó gbóná ni o, kó má hó. Wàrà tó bá ti hó ti bà jẹ́.” Òórùn ewé tútù gba gbogbo ilé. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sórí tábìlì. Oiva gbé àwo méjì kalẹ̀ kó tó rántí, kò sì lè gbé ọ̀kan kúrò mọ́.

“Ọkọ Aune! Ọkọ Aune o! Ẹlẹ́dẹ̀ wo ló jà nínú ọgbà yìí?”

Oiva yọjú. Impi dúró láàárín ọ̀pá tó ṣófo, apá gbígbòòrò méjèèjì ní ìbàdí.

“O pẹ́ jù, olè,” Oiva wí. “Ó ti tán.”

“Kí ló tán?”

“Ẹ̀wà ni. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìkòkò. Padà sílé, kó o lọ jí ti ẹlòmíì.”

Impi kò rẹ́rìn-ín. “Oiva, èwo lo fi sílẹ̀ kó gbẹ?”

“Kó gbẹ kẹ̀? Kó gbẹ fún kí ni?”

“Fún irúgbìn! Àbí ṣíbí lo fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?”

Oiva dúró bí igi. Ó wá yé e pé kì í ṣe ọbẹ̀ ni Aune ń wá ní ìpẹ̀kun ebè yẹn. Ó sáré wọlé, ṣùgbọ́n kí ni yóò yọ nínú ẹ̀wà tó ti jinná? Wàrà ti hó, ó ti dì kúlúkúlú lórí ọbẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

“Mo ti pa á, Impi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á.”

Impi fa àwo kejì, ó bu ọbẹ̀ tó ti bà jẹ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán. Ó nu ẹnu.

“Kò dáa rárá,” ó wí. “Aune ì bá gbá ẹ létí. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n wọ ọkọ̀. Impi ló ń wa àjẹ̀, Oiva tẹjú mọ́ omi bí ẹni tó ṣì ń sùn. Nígbà tó gbójú sókè, òdìkejì ti dé, òdòdó àlùkò sì bo ògiri ilé ìwẹ̀ Impi láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé.

“O rò pé mò ń jẹ gbogbo ẹ̀ ni?” Impi wí. “Ebè etí omi yẹn, èmi ni Aune máa ń fi í sílẹ̀ fún lọ́dọọdún. Ó ní ohun tí wọ́n bá fún èèyàn, èèyàn lè gbàgbé ẹ̀ síbì kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá jí, á tọ́jú ẹ̀ dáadáa.”

Ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Aune bá Oiva gbé títí tó fi kú, kò mẹ́nu kàn án fún un rí.

“Impi, jọ̀ọ́, fún mi díẹ̀ tó bá gbẹ.”

“Kí n fún ẹ kẹ̀? Ká má rí i. Jíjí ni wọ́n ń jí èyí. Tó o bá wá kanlẹ̀kùn, mi ò ní ṣí i.”

Nígbà tí ewé igi pọ́n, Oiva wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀, ìkùukùu wà lórí omi. Eékún rẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ ó rákò dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ náà, ìdí rẹ̀ yọ sókè gbàǹgbà. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń wọ́lẹ̀. Kò mú àpò, nítorí náà ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń já ẹ̀wà gbígbẹ sínú rẹ̀. Láti inú ìkùukùu, ó gbọ́ ohùn kan tó dà bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìnuwọ́. Ó dúró, ó gbọ́ ọ dáadáa.

Fèrèsé ṣí gbà! “Olè! Olè o! Arúgbó olè!”

Oiva dìde, ó sá lọ sí ibi ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì di ìbọ̀sẹ̀ náà mú mọ́ àyà.