Máníjà Ò Wá Síbi Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ló so àwọn mẹ́rin yìí pọ̀. Àwọn aláìníṣẹ́ méjì kan ń bú ara wọn lórí ayélujára nítorí bó ṣe yẹ kí wọ́n se ẹyin, àwọn mẹ́rin yìí ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìjà náà, bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lórí fóònù nìyẹn. Òfin wọn ò le: kí kálukú mú ìròyìn kékeré kan wá lójúmọ́, kó má sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún. Nọ́ọ̀sì a máa sọ ti aláìsàn tó ń bẹ abẹ́rẹ́ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. Dẹrẹba ọkọ̀ akẹ́rù a máa ya àwòrán àwọn ajá tó ń sùn síbi tí kò yẹ. Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, a máa ròyìn ogun tó ń bá eku ilé rẹ̀ jà, gbogbo wọn sì mọ̀ pé eku ló ń borí.

Télọ̀ ní tirẹ̀, adìẹ ló ní. Máníjà ni wọ́n ń pè é, torí pé láràárọ̀ ló máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù, á rìn yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, á dúró wo aṣọ tí wọ́n ń rán, á mirí, á sì jáde bí ẹni tí iṣẹ́ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ìgbà kan tó yàgbẹ́ sórí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, Dẹrẹba ní Máníjà ti buwọ́ lù ú.

Àfi bí Máníjà ṣe dàwátì. Télọ̀ wá a dé ilé gbogbo aládùúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kò rí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń bà á lẹ́rù jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ. Àwọn mẹ́ta inú fóònù yìí ló kù tó ń bi í bó ṣe sùn, ó sì dá a lójú pé Máníjà ni wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ká etí ṣòkòtò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín sí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àfi ìgbà tí Dẹrẹba kọ̀wé:

"Àǹtí Télọ̀, aṣọ búlúù tó wà lẹ́yìn Máníjà yìí, ṣé kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ní wọ́n ti wá gbé lọ lọ́jọ́ sí?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu Télọ̀. Oníbàárà kan jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ó rọra lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ògbólógbòó ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, níbi tó kó àpò ègé aṣọ tí kò lò mọ́ sí, ó sì fi ohùn ránṣẹ́.

"Ẹ má bínú. Máníjà ti sọnù. Mo mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ mú ẹkún wá síbí. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé mi ni." Ó ń sunkún, ó ń fọnmú, gbogbo rẹ̀ wọ inú fóònù.

Ó padà sídìí iṣẹ́, ó da ojú fóònù dé sórí tábìlì kó má bàa rí ohun tí wọ́n máa sọ. Kò pẹ́ tó fi dún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, kí ló ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ yẹn?"

"Imú mi ni, Bàbá."

"Mo mọ ohùn imú. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́. Èyí ń ké pí-pí-pí. Padà síbi tó o ti sọ̀rọ̀."

Télọ̀ padà sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó tan kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù kí wọ́n lè jọ máa wò, ó yẹ inú àpò kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ wò. Máníjà ló jókòó pẹ̀sẹ̀ sáàárín ègé aṣọ, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ adìẹ ń yọrí lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gbé ègé léèsì pupa sórí. Télọ̀ figbe ta.

"Kò sọnù!" ni Nọ́ọ̀sì ń pariwo. "Ìsinmi ìbímọ ló lọ!"

Ayọ̀ gba gbogbo ara Télọ̀. Ó gbé fóònù sún mọ́ àpò kí wọ́n lè rí àwọn ọmọ náà dáadáa.

"Àǹtí, a ti rí wọn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ yí fóònù padà. Ẹ̀yin la fẹ́ rí."

"Èmi kẹ̀? Pẹ̀lú ojú tó wú yìí?"

"Ṣé adìẹ lo rò pé à ń bi bó ṣe sùn láràárọ̀ ni?" ni Bàbá Tíṣà bi í.

Télọ̀ yí fóònù padà: téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, òwú funfun nínú irun, omijé lójú.

"Háà!" ni Dẹrẹba wí. "Ẹ rẹwà tó báyìí, ẹ wá ń fi adìẹ hàn wá?"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó wà níwájú sáré wọlé, ó ń bi í pé kí ló dé.

"Kò sí nǹkan," ni Télọ̀ wí. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni."