Apẹ̀rẹ̀ Mẹ́jọ

Èèyàn á máa rì sínú omi, á ní òun ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni bàbá akọ̀wé kan, àgbà apẹja tí gbogbo etíkun ń pè ní Àwọ̀nkìíṣófo. Nígbà kan rí, àwọ̀n rẹ̀ kì í ṣófo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí aláǹtakùn ti ń fi àwọ̀n náà ṣe ilé. Òkun ti gbé ilé ìdáná rẹ̀ lọ pátápátá, yàrá tó ń sùn ló kàn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé yìí. Ọ́fíìsì tó ń wádìí àwọn etíkun ló ń bá ṣiṣẹ́. Ògiri òkúta kan ṣoṣo tó máa dá òkun dúró ni wọ́n lè mọ, etíkun tí iṣẹ́ ẹja pípa ibẹ̀ bá ti fẹ́ parẹ́ jù ni wọ́n sì máa mọ ọ́n sí. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ títí lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo ti gbọ́."

Gbígbọ́ ló gbọ́ yẹn!

Ọjọ́ ìwádìí pé. Ọ̀gá akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì nínú ọjà ẹja, akọ̀wé mú bírò, àwọn apẹja sì tò sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá bi í pé, "Bàbá, apẹ̀rẹ̀ ẹja mélòó lẹ ń kó wálé lọ́sẹ̀?"

Àwọ̀nkìíṣófo wẹ̀yìn. Ó rí i pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ti tẹ́tí. Ló bá gbé àyà sókè.

"Mẹ́jọ. Ìyẹn tó bá rẹ̀ mí o!"

Mẹ́jọ bàwo? Ẹja tí òun àti bàbá rẹ̀ jẹ lánàá, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló rà á nílé ẹja dídì. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo òrùlé. Ta ló máa pe bàbá tó bí i ní òpùrọ́ níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ọ̀gá ní, "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ."

Ó kọ ọ́.

Ṣé ó wá tán síbẹ̀? Kò tán o. Bí àgbà bá pe mẹ́jọ, ta ló máa ní òun ò rí nǹkan kan? Ẹni tó tẹ̀lé e pe mẹ́fà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́ láti èṣí, ó pe mẹ́wàá!

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, akọ̀wé sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá mi orí.

"Ọmọ wọn ni ọ́. Ta ló máa gbà pé kì í ṣe torí ilé bàbá rẹ lo ṣe fẹ́ yí i padà?"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, èsì dé. Akọ̀wé kà á fún bàbá rẹ̀ nínú yàrá, omi ń gbá ògiri: etíkun yìí lágbára, ẹja pọ̀ níbẹ̀, ẹ mọ ògiri sí ibòmíràn.

Bàbá ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n padà wá bi mí. Màá sọ òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí."

"Wọn ò ní wá mọ́, Bàbá." Omijé bọ́ lójú akọ̀wé. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kí wọ́n jọ gbé bẹ́ẹ̀dì jáde lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà nígbà tí apẹja kan ń kọjá lọ.

"Àwọ̀nkìíṣófo! Òkun ń kọ́?"

Akọ̀wé wo bàbá rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ kan di bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi èkejì juwọ́ sí ọkùnrin náà.

"Ó ń bọ́ wa dáadáa!"