Ẹsẹ̀ Mi, Omi Ẹfinrin àti Sátidé

Ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi tó wú, mo gbé e kúrò, ihò dúró, ó ń wò mí bí ojú ẹja. Ṣé ara èèyàn lèyí àbí ẹ̀bà?

Ọjọ́bọ̀ lòní. Ọ̀tunla ni Sátidé, Sabina ọmọ mi á sì dé… "Màámi, tí ẹsẹ̀ yìí ò bá wálẹ̀ títí Sátidé, ẹ ń bá mi lọ sílé mi ní Palmgrove nìyẹn. Ẹ ò ní yan ẹja mọ́." Palmgrove! Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ta ni màá máa kí níbẹ̀, ògiri? Èmi tí mo ti ń yan ẹja létí ọ̀sà Bàrígà kí n tó bí i.

Omi ẹfinrin sì rèé, ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, bí ìyá mi ṣe ń mu ún tí ẹsẹ̀ bá wú u. Mo ń tọ̀ — ẹ̀ẹ̀mẹrin láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí mo bá ka ti ìdájí. Omi ń jáde. Ibo wá ni òmíràn ń gbà wọlé?

Ìbídàpọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, ọmọ ẹlẹ́nu gígùn yẹn… "Màmá, ẹ má fi oògùn sílẹ̀ o. Ẹ sì dín iyọ̀ kù, òun ló ń dá omi dúró sára." Oògùn, mò ń lò ó. Iyọ̀, mo ti gbé odindi ike rẹ̀ fún Sìkírátù ará ilé wa. "Ìyá Sabina, ẹ ò wá ní jẹ nǹkan adùn mọ́ láyé?" Mo ní kó máa gbé e lọ.

Àbí ewé ni ò dáa? Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni Sìkírátù gbìn ín sí… Rárá. Ó ń ta sánsán. Ewé ò ṣẹ̀.

Jẹ́ n gbé ti ìrọ̀lẹ́ kaná. Omi. Ẹfinrin ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo fọ̀ ọ́, mo rún un. Ata díẹ̀. Àti ẹja, bíi ti ojoojúmọ́… ṣé ọmọ Ìlàjẹ á máa mu omi ewé lásán ni? Omi tí ò rí ẹja, ẹ fi fọ aṣọ. Ègé méjì, nínú èyí tí mo yan lánàá. Ó ń hó. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó dùn bí ẹni pé mo…

Dúró ná.

Ta ló rẹ ẹja yìí níjẹta? Èmi. Inú kí ni mo rẹ ẹ́ sí?

Omi iyọ̀. Abọ́ iyọ̀ kan gbáko, láti inú àpò iyọ̀ ẹja! Ohun tí gbogbo Ṣómólú fi mọ̀ mí: "Ẹja Ìyá Sabina, ẹ má wulẹ̀ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀." Wọ́n ń yìn mí, mò ń rẹ́rìn-ín. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́…

Yéè! Mò ń ti omi jáde lẹ́nu ọ̀nà, mo tún ń ṣí fèrèsé fún un. Mi ò sì parọ́ fún nọ́ọ̀sì o — iyọ̀ inú ike ni mo kà sí iyọ̀. Ti inú ẹja, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo pè é.

Ẹsẹ̀ ṣì wú. Ọjọ́ méjì lè má tó, Sabina sì lè di ẹrù mi. Kó dì í. Ẹ̀rín ń pa mí síbẹ̀. Àtọjọ́ yìí, mo ti ń sọ nínú ara mi pé ogbó ti dé, pé ó ti parí. Ogbó kọ́, ìyá arúgbó. Ọ̀fun rẹ ni.